911 ológun àtijọ́: ṣé tápẹ́ẹ̀tì ló ń pariwo ni, àbí nọ́sù?

ÌyáPákó_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọwọ́ ẹ́ńjìnnì. Pákó ni mò ń tà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn níbí. Mi ò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ó ti tó gẹ́ẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń sanwó fún.

Ọkọ̀ tó ń bá mi kó pákó láti Ọ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ bi yín nípa rẹ̀. Mercedes 911 ni, èyí tí imú rẹ̀ yọ síta níwájú. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ló rà á níbi tí àwọn sójà ti ń lu ọkọ̀ àtijọ́ ní gbàǹjo. Títí dòní, bí ẹ bá ha ọ̀dà búlúù tó wà lára ilẹ̀kùn, àwọ̀ ewé ti àwọn ológun lẹ ó bá nísàlẹ̀. Ihò róbótó tí sójà máa ń yọrí sí ṣì wà lórí òrùlé, a fi páànù dí i ni. Táyà iwájú náà máa ń fa ọkọ̀ bí díráfà bá fa ọ̀pá kan sókè, torí rẹ̀ lọkọ mi ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ náà, nítorí ọ̀nà inú igbó lásìkò òjò. Ẹ́ńjìnnì OM352, sílíńdà mẹ́fà, ló wà nínú rẹ̀.

Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ká-ká-ká lókè bó bá dúró sójú kan. Mẹkáníìkì wa ní tápẹ́ẹ̀tì ló tú. Ó ṣí ìdérí, ó fún un pọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń tẹ́tí sí i, títí ariwo fi lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni inú wa fi dùn. Lẹ́yìn náà, ó di pé kì í tètè jí láàárọ̀ mọ́. Bó bá sì jí, èéfín funfun tó ń ta ojú ni yóò kọ́kọ́ tú jáde. Ìgòkè tó wà nítòsí Òkè-Igbó, tó máa ń fi jíà kẹta gùn tẹ́lẹ̀, jíà kejì ló ń fi gùn ún báyìí, pẹ̀lú ẹrù kan náà. Ariwo mìíràn tún wá dé: kọ̀-kọ̀-kọ̀, bí ẹni ń fi òkúta kan ilẹ̀kùn.

Mẹkáníìkì náà ní kí n ra nọ́sù mẹ́fà tuntun, ìyẹn ẹnu tó ń fín dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, kí a sì gbé pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì lọ túnṣe. Iye tó dárúkọ tó èrè ìrìn àjò mẹ́ta.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: kí ni ìyàtọ̀ láàárín ariwo tápẹ́ẹ̀tì àti ti nọ́sù? Ṣé lóòótọ́ ni pé gbogbo nọ́sù ló bàjẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Bí mo bá dúró tì í, báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé ó ń ṣe é bó ṣe yẹ?

DíráfàỌ̀rẹ̀

Màmá, ẹ kú ọjà. Nọ́sù ni. Èmi náà wa 911 fún ọdún mẹ́jọ, irú kọ̀-kọ̀-kọ̀ yẹn bá mi rí lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde. A pààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì dákẹ́. Ẹ má fi ọkọ̀ jókòó pẹ́, ẹ rà á kí iṣẹ́ máa lọ. Ti pọ́ǹpù nìkan ni mi ò lè dá sí.

Sájẹ́ńtì_Fẹ̀yìntì

Ìyá, ẹ kú àfaradà bàbá o. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin tó kù sí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tún ọkọ̀ àwọn ológun ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Auchi ni mo ti kọ́ ọ, nílé ẹ̀kọ́ NAEME, ẹ̀ka àwọn ológun ilẹ̀ Nàìjíríà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. OM352 yìí kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ Unimog, ọkọ̀ Mercedes mìíràn, torí náà ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ má tíì ra nọ́sù kankan, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pọ́ǹpù. Díráfà tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi kò parọ́, bí tirẹ̀ ṣe rí ló sọ. Àìsàn méjì ló ń ṣe ọkọ̀ tiyín, ọ̀kan nínú wọn sì ti ọwọ́ mẹkáníìkì yín wá.

Ẹ jẹ́ ká mú tápẹ́ẹ̀tì ná. Àyè tín-ínrín kan gbọ́dọ̀ wà láàárín rọ́kà (apá irin tó ń tẹ fáàfù ṣí) àti orí fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tàbí tí èéfín ń gbà jáde) nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Irin máa ń gùn bó bá gbóná, inú àyè yẹn ni yóò gùn sí. Bí àyè náà bá fẹ̀ jù, rọ́kà á máa gbá fáàfù lórí, ẹ ó máa gbọ́ ká-ká-ká, fáàfù kò sì ní ṣí tó bó ṣe yẹ. Bí kò bá sí àyè rárá, fáàfù kò ní lè jókòó dáadáa mọ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, iná á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Fáàfù tó ń lé èéfín jáde ló burú fún jù, torí orí ìjókòó yẹn ló ti máa ń tu ooru ara rẹ̀ dànù. Bí kò bá ráàyè jókòó, etí rẹ̀ á jó bí àkàrà tí wọ́n gbàgbé sínú epo. Kò sì ní pariwo kankan ní gbogbo àkókò tó bá ń jó. Ìdí nìyẹn tí inú yín fi dùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i. Písítìnnì ló máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná débi tí dísẹ́ẹ̀lì á fi gbiná fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù, kò ní gbóná tó, pàápàá láàárọ̀. Èéfín funfun tó ń ta yín lójú yẹn, dísẹ́ẹ̀lì tí kò rí iná jó ni. Jíà kejì tó ń lò ní Òkè-Igbó náà lè ti ibẹ̀ wá.

Ìwọ̀n OM352 nìyí: fáàfù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, 0.20 mílímítà, fáàfù èéfín, 0.30. Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn mọ́jú ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí fílà-géèjì rẹ̀ (abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àyè) bá jẹ́ ti íǹṣì, 8 àti 12 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì ni kó mú. Kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ ti èéfín, ẹ fi ojú tọ páìpù èéfín títí dé ara tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì), fáàfù tó bá dojú kọ ẹnu rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fi etí wọ̀n ọ́n, ẹ kó irinṣẹ́ rẹ̀ fún un kó máa lọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí a ń sẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá gbóná. Ti yín yìí kò sí lára wọn.

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ èyí sílẹ̀. Bí iná ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀ ni 1-5-3-6-2-4. Sílíńdà 1 ló wà níwájú pátápátá, lẹ́bàá fáànù. Wọ́n á kọ́kọ́ fa sítọ́ọ̀pù jáde kí ẹ́ńjìnnì má baà jí mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n á wá fi sípánà yí púlì ìsàlẹ̀ síhà tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí, títí àmì OT (ibi tí písítìnnì dé òkè pátápátá) tó wà lára rẹ̀ á fi bá ẹnu ìtọ́ka mu. Kí wọ́n wo sílíńdà 6. Bí fáàfù èéfín rẹ̀ bá ń padé lọ tí ti afẹ́fẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, tó jẹ́ pé bí ẹ bá mi púlì díẹ̀ síwájú sẹ́yìn àwọn méjèèjì á máa jó bí oníjó, sílíńdà 1 ló wà ní ìsinmi nìyẹn. Kí wọ́n sẹ́ẹ̀tì fáàfù rẹ̀ méjèèjì. Kí wọ́n tún yí i ní ìdámẹ́ta ìyípo: 2 ló máa jó, 5 ni kí wọ́n sẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn, 4 á jó, ẹ sẹ́ẹ̀tì 3. 1 á jó, ẹ sẹ́ẹ̀tì 6. 5 á jó, ẹ sẹ́ẹ̀tì 2. 3 á jó, ẹ sẹ́ẹ̀tì 4. Ìyípo méjì péré, ó parí.

Fílà-géèjì gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì di ọwọ́ mú díẹ̀ bí ẹ bá ń fà á jáde, bí ìgbà tí ẹ bá ń fa náírà bébà jáde lábẹ́ ìwé wúwo. Bí wọ́n bá ti dè é tán, kí wọ́n tún un wọ̀n, torí síkúrù máa ń yí díẹ̀ bí wọ́n bá ń dè nọ́ọ̀tù lé e. Ẹ tún wo ojú rọ́kà níbi tó ti ń kan fáàfù. Bó bá ti jẹ kòtò síbẹ̀, fílà-géèjì á kàn gùn lé etí kòtò náà ni, á fi 0.20 hàn yín, àyè gidi á sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó dá ariwo àkọ́kọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti ṣí tọ́ọ̀pù láìpẹ́ yìí, bóòtù orí rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ dè bó ṣe yẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí dídè yẹn máa ń yí àyè tápẹ́ẹ̀tì padà.

Ó kan nọ́sù wàyí. Kọ̀-kọ̀-kọ̀ tó ń dún bí òkúta yẹn kò jọ tápẹ́ẹ̀tì lójú mi. Lẹ́yìn tí tápẹ́ẹ̀tì bá ti dára, ẹ jẹ́ kí wọ́n jí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó dúró jẹ́ẹ́. Kí wọ́n fi àkísà yí ẹnu páìpù nọ́sù kìíní ká, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tù rẹ̀ díẹ̀ kí dísẹ́ẹ̀lì máa rọ́ síta, kí wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, kí wọ́n dè é padà, kí wọ́n bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí ohùn padà tó ń gbọ̀n, sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá yí ohùn padà, sílíńdà yẹn ti ń sùn tipẹ́. Èyí tí ẹ bá tú tí òkúta náà bá dákẹ́ ni ọ̀daràn. Ọkọ̀ tó ní pọ́ǹpù àtijọ́ bí tiyín nìkan ni kí ẹ ti dán èyí wò o. Ẹni tó bá ṣe é lára ọkọ̀ ìgbàlódé tó ń lo common rail (páìpù kan tó ń kó dísẹ́ẹ̀lì pamọ́ pẹ̀lú agbára ńlá fún gbogbo nọ́sù) lè pàdánù ọwọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀tù tó di nọ́sù mú nínú tọ́ọ̀pù ní ihò gígùn létí, ó sì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n fi òòlù àti ṣísù gbá títí etí rẹ̀ fi fàya. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ bàbá. Wáṣà bàbà kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Ti àtijọ́ sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò. Kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó fi tuntun sí i, torí bó bá di méjì, nọ́sù á ga sókè jù, ibi tí kò yẹ ni yóò máa fín dísẹ́ẹ̀lì sí.

ÌyáPákó_Bódìjà

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà. Àmọ́ bí a bá rí nọ́sù tó jẹ̀bi, kí la ó ṣe fún un? Ṣé fífọ̀ ni àbí pípààrọ̀?

Kalibrétọ̀_Gate

Ìyá mi, ẹ kú ọjọ́. Iṣẹ́ dídán nọ́sù wò ni mò ń ṣe ní Gate, n'Ìbàdàn níbí, lẹ́bàá ọjà Àràròmí. Bàbá ti sọ ti ẹ́ńjìnnì tán, ti orí tábìlì tí a ti ń dán nọ́sù wò nìkan ni n óò fi kún un.

Ní 200 bar ni ó yẹ kí nọ́sù OM352 ṣí. Kí ẹ lè mọ bó ṣe lágbára tó: táyà ọkọ̀ yín tí wọ́n fún ní atẹ́gùn 100 psi, ìlọ́po rẹ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni 200 bar. Sípíríǹgì kan ló wà nínú rẹ̀ tó di abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Bí sípíríǹgì náà bá ti rẹ̀, nọ́sù á ṣí kí àsìkò tó tó, dísẹ́ẹ̀lì á wọlé ṣáájú, ìṣù ìṣù ni yóò sì máa wọlé. Ohun tó ń kan ilẹ̀kùn yín nìyẹn. Ṣíìmù tẹ́ẹ́rẹ́, irin pẹlẹbẹ kékeré, la máa ń fi sábẹ́ sípíríǹgì láti gbé e padà sókè.

Bí wọ́n bá ń dán an wò níṣojú yín, ẹ wo bó ṣe ń fín: kó jáde bí ìkùukùu láti gbogbo ihò rẹ̀ lọ́gbọọgba, kó má ṣe tú bí omi ẹnu ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n dá a dúró ní 180 bar fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ẹnu nọ́sù gbọ́dọ̀ gbẹ ní gbogbo àkókò yẹn. Bó bá ń kán tó-tó-tó, ẹ pààrọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan, ilé rẹ̀ lè máa bá iṣẹ́ lọ. Àti abẹ́rẹ́ àti ihò tó wà nínú rẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Bí wọ́n bá tú nọ́sù mẹ́fà sínú abọ́ kan tí wọ́n wá ń ṣa abẹ́rẹ́ eléyìí sínú ti ìyẹn, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí wọ́n má sì fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ẹnu rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì onídẹ tàbí igi rírọ̀ ló yẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ẹ má na ọwọ́ síwájú nọ́sù tó ń fín, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Dísẹ́ẹ̀lì náà máa ń gba inú awọ ara kọjá wọ inú ẹran láì ro èèyàn lára lọ títí, ojú ihò rẹ̀ á sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tó fi ọwọ́ nu ún, tó ní kò dùn ún, tó lọ sùn. Ìka méjì ni wọ́n gé ní ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de ìrora.

Ohun tó ń pa nọ́sù jù ládùúgbò wa ni omi inú dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí díráfà máa tú omi ìsàlẹ̀ fílítà dànù láràárọ̀ kó tó gbéra.

Sájẹ́ńtì_Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí dára. Ti pọ́ǹpù tí ẹ bèèrè, Ìyá: bí kò bá jò, tí ẹnikẹ́ni kò sì tú u kúrò níbi tó wà, ẹ fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kúrò tí wọn ò mọ bí a ṣe ń dá a padà sórí àmì, wàhálà tuntun lẹ ó máa fi owó rà.

ÌyáPákó_Bódìjà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jíṣẹ́ fún yín.

Òwúrọ̀ Sunday ni a ṣe é, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí ọkọ̀ ti sùn láti Saturday. Mẹkáníìkì náà kọ́kọ́ bínú nígbà tí mo ka 6 jó, 1 sẹ́ẹ̀tì fún un. Mo ní kó má bínú, pé èmi ni mo máa dì mọ́ ìwé, òun ni kó di sípánà mú. Nígbà tí a dé sílíńdà kẹta, ó ti ń bi mí pé èwo ló kàn.

Nínú fáàfù èéfín mẹ́fà, mẹ́rin ni 0.30 kò lè wọ̀ rárá. Ti sílíńdà 2, 0.10 ló tiraka wọ̀ ọ́. Ti 5, kò sí ohun tó wọ̀ ọ́. Mo fi ọwọ́ ara mi gbìyànjú rẹ̀, rọ́kà rẹ̀ kò mì. Ojú rọ́kà kan, ti afẹ́fẹ́ sílíńdà 1, ti jẹ kòtò gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. A wá òmíràn rà ní Àràròmí.

Nígbà tí ó jí, ó ti yàtọ̀, àmọ́ òkúta ṣì ń kan ilẹ̀kùn. Ó ń tú páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kìíní, ó gbọ̀n. Èkejì, ó gbọ̀n. Ẹ̀kẹta náà. Nígbà tó tú ẹ̀kẹrin, òkúta náà dákẹ́ lójijì, gbogbo wa sì wo ara wa. Díráfà mi pariwo “Jésù!” A yọ nọ́sù náà, wáṣà méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ti dúdú bí èédú. A kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sí Gate. Nọ́ńbà 4 ń ṣí ní 150, ó sì ń kán. Ti 6 náà ń kán díẹ̀. Ẹnu méjèèjì yẹn la pààrọ̀, wọ́n fi ṣíìmù gbé àwọn tó kù sókè. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin owó tó dárúkọ fún mi.

Ó ti lọ Ọ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì báyìí. Jíà kẹta ló fi gun Òkè-Igbó, pẹ̀lú ẹrù ìrókò tútù. Láàárọ̀, ó ń jí lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín funfun ṣì ń yọ díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, mo sì fura pé fáàfù 5 yẹn ti jó létí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí a tó ṣí tọ́ọ̀pù?

Sájẹ́ńtì_Fẹ̀yìntì

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn débi pé mo kà á fún ìyàwó mi. Ẹ tún wọn fáàfù 5 lẹ́yìn ìrìn àjò márùn-ún. Bí àyè rẹ̀ bá ṣì jẹ́ 0.30, ó lè dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá ti kéré sí bẹ́ẹ̀, fáàfù náà ti ń rì wọ inú ìjókòó rẹ̀, ẹ má dúró mọ́.

ÌyáPákó_Bódìjà

Mo ti gbọ́, Bàbá. Ó ṣì ń dún ká-ká jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láàárọ̀ nígbà tó bá tutù. Díráfà ní kí a fún un pọ̀ díẹ̀, mo ní rárá. Mo ti ra fílà-géèjì tèmi, inú báàgì mi ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù tí mo fi ń wọn pákó.